Ẹ Ta Aṣọ Síwájú Áńpù Náà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Àgbà Ìdí Ẹ̀rọ Orin ní Èkìtì

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi léèrè kí wọ́n tó ra áńpù, spíkà tàbí wáyà, láti Adó dé Ìkéré, láti Ìjerò dé Ìkọ̀lé, a kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó.

Ohun tó gbé wa kọ̀wé kò ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba owó oṣù ra áńpù tó bá agbára rẹ̀ mu. Ó gbé e wá síbi tí ẹ ti ń péjọ gbọ́ orin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Àgbà kan tẹ́tí fún ìṣẹ́jú méjì, ó mi orí, ó ní, "Kò lẹ́ran lára." Ẹlòmíràn ní béèsì rẹ̀ ń sá. Ẹni kẹta, tó ti ń tẹ fóònù látìgbà tí orin ti bẹ̀rẹ̀, náà ní òun ti fura. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà ti gbà pé ohun tí òun rà kò dára. Kí oṣù tó parí, ó ti tà á ní ìdajì owó, ó sì ti jẹ gbèsè lé e kó lè ra irú èyí tó wà nílé yín. Bẹ́ẹ̀ bí a bá tú áńpù náà sórí tábìlì, kò sí ohun tó ṣe é.

A ò sọ pé ẹ purọ́. Ohun tí ẹ ní ẹ gbọ́, ẹ gbọ́ ọ lóòótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé etí kì í dá gbọ́ràn. Ojú ń bá a gbọ́, iye owó ń bá a gbọ́, àwọn tó jókòó tini náà ń bá a gbọ́. Ẹ wo ìyán. Kò sí ọmọ Èkìtì tí kò ní sọ pé òun mọ ìyán inú odó yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó gbé àwo wá bá ti kọ́kọ́ là á lóhùn pé "ti ẹ̀rọ nìyí o", kí ni ahọ́n tún fẹ́ tọ́ wò níbẹ̀?

Lọ́dún 1951, Solomon Asch, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi ìlà han àwọn èèyàn, ó ní kí wọ́n mú èyí tó bá ìlà kan gùn dọ́gba. Ohun tí ọmọdé lè ṣe ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó ti ẹni tó ń dán wò ti mulẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn máa panu pọ̀ mú èyí tí kò bá a dọ́gba. Nígbà tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn ló tẹ̀lé èrò. Ìlà nìyẹn o, tó wà níwájú ẹni gbọnrangandan, tí kò lọ ibì kankan. Mélòó mélòó wá ni ohùn, tó ti kọjá lọ kí a tó rí orúkọ pè é?

Ní ti spíkà, àwọn onímọ̀ ohùn méjì, Floyd Toole àti Sean Olive, tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1994. Àwọn èèyàn kan náà ló gbọ́ spíkà kan náà, lẹ́yìn aṣọ ìkélé àti láìsí aṣọ. Spíkà kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fún ní máàkì gidi nígbà tí wọn ò rí i, ṣe ni máàkì rẹ̀ já wálẹ̀ nígbà tí wọ́n fojú kàn án. Inú ilé iṣẹ́ tó ń ṣe spíkà ni àwọn agbọ́hùn wọ̀nyí ti ń jẹun.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò wọ́n. Kí ẹ tó sọ fún ọmọ ẹlòmíràn pé kó ta áńpù rẹ̀, ẹ ta aṣọ síwájú rẹ̀ ná.

Áńpù tirẹ̀ àti áńpù tiyín, ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀. Spíkà kan náà ni kí wọ́n jọ lò, orí fóònù kan náà ni kí orin ti wá, kí gbogbo bọ́tìnnì béèsì àti tírébù wà ní àárín. Ẹ wá ohùn 400 Hz (ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yí mítà tí oníná fi ń wọn iná sí fóltì AC, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ibi tí wáyà ti wọ spíkà, kí ẹ wá máa gbé fólúùmù áńpù kìíní títí mítà yóò fi ka 2.00. Ẹ ṣe ti èkejì bákan náà, kí ìyàtọ̀ wọn má ju 0.02 fóltì lọ. Mítà kékeré olówó pọ́ọ́kú tó wà lápò ọ̀pọ̀ oníná kò ní ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí 200 fóltì ni AC rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kò lè rí ìyàtọ̀ tó kéré tó báyìí. Èyí tó ní 20 fóltì AC ni kí ẹ yá. A mú 400 Hz torí pé ọ̀pọ̀ mítà ni òǹkà rẹ̀ kì í ṣeé fọkàn tán mọ́ bí Hz ohùn bá ti ju ìyẹn lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi etí ṣe ìdọ́gba yìí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àfiwé ti ń bàjẹ́. Bí áńpù kan bá fi 1 dB péré (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó) ga ju èkejì, ẹni tó ń gbọ́ kò ní sọ pé ó ga jù; yóò sọ pé ó mọ́ jù, pé ó lẹ́ran, pé akọrin dúró síwájú òun. Láti 1933 ni àwọn olùwádìí Fletcher àti Munson ti fi hàn pé bí ohùn bá ṣe ń ga sí i ni etí ń gbọ́ béèsì rẹ̀ dáadáa sí i. Ọlọ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ èyí. Èyí tó bá fẹ́ tà ni yóò rọra gbé sókè díẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó wà lẹ́yìn aṣọ, kó má sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má rí ojú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ áńpù méjèèjì pẹ̀lú orúkọ wọn, kí wọ́n fi etí mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ ju dáìsì lúdò. Bó bá bọ́ sí 1, 3 tàbí 5, áńpù kìíní ni kó lò. Bó bá bọ́ sí 2, 4 tàbí 6, èkejì ni. (Owó ẹyọ kò bá burú, ṣùgbọ́n ta ló tún ń rí kọ́bọ̀ lónìí?) Orin kan náà ni, ìṣẹ́jú-àáyá 30, ìgbà mẹ́wàá. Kódà bí dáìsì bá mú áńpù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó yọ wáyà kó tún dá a padà, kí àkókò má bàa tú àṣírí. Kó pa áńpù kó tó fọwọ́ kan wáyà, torí bí irun wáyà kan bá kan èkejì nígbà tí áńpù ń ṣiṣẹ́, tíránsístọ̀ rẹ̀ lè jó kí ẹ tó ní háà. Kí olúkúlùkù kọ ìdáhùn tirẹ̀ sórí ìwé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mi orí, kó má pòṣé.

Ẹni tó bá gba márùn-ún nínú mẹ́wàá, àfojúdá lásán ló ṣe. Ẹni tó gba méje náà kò tíì ní nǹkan tó lè fi yangàn, torí bí èèyàn mẹ́fà bá ń fojú dá a lásán, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn rí méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́sàn-án ni kó tó máa dún létí, nítorí àfojúdá kì í tó o ju bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

A ò sọ pé áńpù gbogbo dọ́gba. Èyí tó ń kùn hùùù, èyí tí kapásítọ̀ rẹ̀ ti gbẹ, èyí tí wọ́n ń lò kọjá agbára rẹ̀ títí ohùn fi ń ya, aṣọ kò ní bo ìwọ̀nyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni áńpù onígílóòbù àtijọ́, ohùn tirẹ̀ lè yàtọ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n áńpù méjì tí ara wọn le, tí kò sí èyí tí wọ́n ń fi agbára pa, ẹ dán an wò ná. Ẹnu máa yà yín.

Ọ̀rọ̀ orin "high-res", èyí tí wọ́n ní ó kún rẹ́rẹ́ ju ti CD lọ, tí ẹ fi ń kó ìtìjú bá ẹni tó ń gbọ́ CD, a ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. CD tó jáde ní 1982 ń gbé ohùn títí dé bíi 22 kHz (kHz kan jẹ́ 1000 Hz). Etí ọ̀dọ́ pàápàá kò ju 20 kHz lọ, ọ̀pọ̀ wa tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kò sì gbọ́ 15 kHz mọ́. Ní 2007, àwọn olùwádìí Meyer àti Moran gba ohùn SACD (irú díìsìkì high-res kan) kọjá inú ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ di ti CD, wọ́n ní kí àwọn èèyàn mọ ìyàtọ̀. Ìgbà 554 ni wọ́n dán an wò. 276 ni wọ́n gbà. Dáìsì náà ì bá gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku wáàtì. A rí rédíò tí wọ́n kọ "5000W PMPO", nọ́ńbà agbára tí wọ́n fi ń polówó ọjà, síwájú rẹ̀ gàdàgbà. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, níbi tí wáyà iná ti wọlé. Ẹ máa rí lẹ́tà wínníwínní tó ní iná tó ń jẹ kò ju 60W lọ. Ibo ni yóò ti rí 4940 tó kù, lọ́dọ̀ aládùúgbò? Lẹ́yìn rẹ̀ yẹn ni kí ẹ máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti kà, kì í ṣe iwájú. Amẹ́ríkà ti ṣe òfin lórí irú irọ́ wáàtì báyìí láti 1974; ní ọjà tiwa, ojú ẹni la fi ń ṣọ́ ara ẹni.

Kódà wáàtì tó jẹ́ òótọ́, kì í ṣe bí ẹ ṣe ń kà á ló ń dún. Láti 50W sí 100W, 3 dB péré ló fi kún un, ìyàtọ̀ tó mọ níwọ̀n. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, ó tó 10 dB, ìyẹn ni pé 50W yóò di 500W. Ẹni tó bá fi spíkà 97 dB rọ́pò ti 87 dB ti rí 10 dB yẹn láìfọwọ́ kan áńpù. Nọ́ńbà yẹn wà lára ìwé spíkà, wọ́n ń kọ ọ́ sí 1W ní mítà 1. Kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀.

Wáyà wá ni ibi tí owó ti ń ṣòfò jù, òun náà ni ibi tí èèyàn ti lè fi owó kékeré jìyà. Wáyà bàbà 2.5 mm² tí a fi ń ṣiṣẹ́ iná ilé, bí spíkà bá jìnnà tó mítà 10 sí áńpù, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò ju bíi 0.15 ohm lọ (ohm ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó). Fún spíkà 8 ohm, ohun tí ẹ pàdánù kò tó 0.2 dB. Wáyà aláwọ̀ ejò tí wọ́n ń tà ní ìlọ́po ogún owó rẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ gbà padà níbẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ gan-an ni wáyà tí inú rẹ̀ jẹ́ alúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bo ojú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CCA. Iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá tó ti bàbà, ó máa ń dá bí a bá ń tẹ̀ ẹ́, ibi tí ẹ dè é mọ́ sì máa ń yara dẹ̀. Ẹ mú irun rẹ̀ kan, ẹ fi abẹ fá ojú rẹ̀. Bí inú bá funfun, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Bó bá jẹ́ ìta ló funfun tí inú sì pọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, bàbà ni.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi "béèsì ń sá" tó lé ọmọ yẹn lọ sọ́jà. Yàrá tí ẹ ń péjọ sí, ẹ jẹ́ ká ní ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 ni, bí ọ̀pọ̀ yàrá wa. Ògiri bulọ́ọ̀kù, táìsì nílẹ̀. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní ohùn kan tó ń tì í gbọ̀n, bíi 47 Hz, àti torí pé gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, ìlọ́po méjì ló ń bá a fà á. Nóòtì G ìsàlẹ̀ lórí gìtá béèsì, ní fret kẹta lórí okùn tó nípọn jù, 49 Hz ni. Kí onígìtá fọwọ́ kàn án báyìí, yàrá á hó. Ẹni tó bá fẹ̀yìn ti ògiri yóò ní béèsì pọ̀ jù. Ẹni tó jókòó sí àárín gbùngbùn yàrá kò ní rí i gbọ́, torí ibẹ̀ ni ohùn náà ti ń pa ara rẹ̀. Àgbà méjì, áńpù kan, orin kan. Ìkan ní béèsì ń ru, ìkan ní béèsì ń sá. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Àga ni kí wọ́n sún.

Bí ìjókòó bá jìnnà tó bíi mítà 1.2 sí ògiri ẹ̀yìn, ìdá kan nínú mẹ́ta yàrá nìyẹn, ó máa ń dára ju ibi méjèèjì lọ. Ẹ má sì kó kéréètì ẹyin mọ́ ògiri nítorí ẹni tó ní òun rí i lórí fídíò. Ìgbì 47 Hz gùn ju mítà 7 lọ. Páálí tí kò nípọn tó ìka mẹ́ta, bíi kí èèyàn fi asẹ́ gbọ́n odò ni. Tírébù díẹ̀ ló lè gbà, ìyẹn kọ́ ló ń yọ yín lẹ́nu. Kọ́tìnnì tó wúwo, àga onífóòmù, ibùsùn pàápàá, wọ́n ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ fún híhó táìsì.

Ohun mìíràn tó ń lé béèsì sá ni wáyà tó yí padà lẹ́yìn spíkà kan. Bátìrì 1.5 fóltì ni ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yọ wáyà lára áńpù, ẹ fi orí bátìrì kan wáyà pupa, ìdí rẹ̀ kan dúdú, bí ìṣẹ́jú ojú. Pépà wọ́ọ̀fà, ìyẹn spíkà ńlá tó ń gbé béèsì, gbọ́dọ̀ fò síta. Bí ti ọ̀tún bá fò síta tí ti òsì sì wọlé, ẹ ti rí i. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì yẹ kó ṣáájú "lọ ra tuntun".

Ní ti tòkunbọ̀, a mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀, àwa náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ti àtijọ́ ló dára" ti jó áńpù púpọ̀. Èyí tó ti Japan wá, 100 fóltì ló ń jẹ. Ti Amẹ́ríkà, 120. Ẹ kì í bọ̀ ọ́ mọ́ iná 230 wa láìsí tíránsífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ọlọ́jà, torí ẹlòmíràn ti gé ẹnu wáyà rẹ̀, ó ti fi tiwa sí i. Ẹ fi ìka tẹ etí wọ́ọ̀fà rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí fóòmù bá ń rún sọ́wọ́ yín bíi búrẹ́dì ọjọ́ kẹta, owó àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò nínú iye tí wọ́n ń dá lé e.

Iná wa náà wà níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo àdúgbò ti tan nǹkan, 230 lè di 180. Áńpù tó ń lo tíránsífọ́mà ńlá nínú, agbára rẹ̀ lásìkò yẹn kò ju bíi ìdá 61 nínú 100 lọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ gbọ́ áńpù ọmọ yẹn, ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sì ń fi wé tiyín tí ẹ gbọ́ ní ọ̀sán. Ẹ fi mítà wo ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó dájọ́.

Èyí tí wọ́n ń sọ pé kí èèyàn jẹ́ kí wáyà tàbí áńpù "jó wọlé" fún wákàtí 200 kó tó dára, ẹ bi ẹni tó sọ ọ́ pé ọjọ́ mélòó ni ọlọ́jà fún un láti dá ọjà padà. Ara wọ́ọ̀fà tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́. Wáyà kì í dẹ̀. Etí ni ó ń mọ́ lára.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà wa, bí ọ̀dọ́ bá tún gbé ẹ̀rọ wá, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ má jẹ́ iye tó rà á. Ẹ bi í bí yàrá rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ibi tó gbé spíkà sí, fóltì tó wà lẹ́yìn áńpù, irú wáyà tó lò. Bí ó bá ṣì kù síbẹ̀, ẹ ṣe àdánwò yẹn, kí òun náà kọ ìdáhùn, kí ẹ̀yin náà kọ tiyín.

Ẹ ta aṣọ náà bíi kọ́tìnnì ni o, ẹ má dà á bo áńpù lórí, ooru yóò pa á. Àǹkárá ìṣẹ́po méjì tó. Kó má ṣe jẹ́ léèsì: iná pupa iwájú áńpù máa ń hàn gba inú ihò rẹ̀, àwọn kan nínú yín sì ti mọ àwọ̀ iná tiwọn dáadáa.

Àwa ni tiyín,
Àwa díẹ̀ lára àwọn tó ń tún áńpù àti spíkà ṣe ní Adó-Èkìtì àti Ìkéré-Èkìtì